Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Ti Gé Ìwé Gígùn: Lámèyítọ́ Lórí Ètò Ìwé Orí Ẹ̀rọ

Lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti fẹnu ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan: ìlò èdè, ìfìwàwẹ̀dá, àhunpọ̀ ìtàn, ibùdó ìtàn, àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn lóríṣiríṣi. Ohun kan tí a kì í sábà yẹ̀ wò ni bí ìwé ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Láti ìgbà tí a ti ń tẹ ìwé Yorùbá, ewé tí a dì pọ̀ tí a sì kọ nọ́ńbà sí lójú kọ̀ọ̀kan ni ìwé jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ní láti ronú lé e lórí. Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà ti di èyí tí olùkọ́ àti olùṣèdánwò kò lè fojú fò mọ́. Ìwé kékeré kò ní wàhálà púpọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìwé gígùn ni ìṣòro: ìtàn àròsọ olójú ìwé ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àkójọpọ̀ ẹsẹ Ifá, ìwé atúmọ̀-èdè, Bíbélì. Ìṣòro náà sì le sí i bí ìwé náà bá jẹ́ irú èyí tí a óò máa pè ní ìwé afèsì nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí òǹkàwé bá fọwọ́ kàn án, ó ń dáhùn: ó lè ka ọ̀rọ̀ sókè, ó lè sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ta kókó, ó lè bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè kí ó sì sọ fún un bóyá ó gbà á.

Èrò wa ni pé ibi tí a ti gé ìwé gígùn, àti orúkọ tí a fún ègé kọ̀ọ̀kan, jẹ́ iṣẹ́ lámèyítọ́ kí ó tó di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Alápatà tí ó mọṣẹ́ kì í gé ẹran lórí eegun, oríkèé ni ó ń wá. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí oríkèé ìwé kan wà kò lè gé e bí ó ti yẹ, bí ó ti wù kí ó mọ kọ̀ǹpútà tó. Lọ́wọ́ tí a wà yìí, àwọn tí ó mọ ẹ̀rọ nìkan ni ń gé ìwé wa fún wa, àwa olùkọ́ sì ń gba ohun tí wọ́n bá gé.

Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Gbé Ìwé

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ bí ìwé orí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Irúfẹ́ kan tí ó wọ́pọ̀, tí kì í sì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ni èyí tí a ń pè ní EPUB. Ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ International Digital Publishing Forum fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀, tí ó gba ohùn, àwòrán tí ń rìn àti ìbéèrè tí òǹkàwé lè dáhùn lójú ẹsẹ̀, jáde ní 2011. Láti 2017 ni ìtọ́jú rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ W3C, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì.

EPUB jọ àpò tí a di ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì sí. Apá kan ọ̀rọ̀ ìwé ni ó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Fáìlì kan wà tí ó ń sọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Òmíràn sì jẹ́ àtòjọ àkóónú tí òǹkàwé ń tẹ̀ láti lọ sí ibi tí ó bá fẹ́. Bí a bá ṣí ìwé náà, fáìlì tí òǹkàwé wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbé. Ẹ̀rọ á wọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, á sì wá pín in sí ojú ìwé. Bí fáìlì náà bá tóbi jù, wíwọ̀n yìí a pẹ́, fóònù olówó pọ́ọ́kú a sì máa tàsé tàbí kí ó kú mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́. Lára àwọn ẹ̀rọ ìkàwé ìgbà àkọ́kọ́, àwọn kan wà tí kò lè ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ju nǹkan bí 300 kílóbáìtì lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ìwé orí ẹ̀rọ fi kọ́ láti máa gé ìwé gígùn sí wẹ́wẹ́.

Àmì ohùn wa pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìlànà UTF-8 tí gbogbo ayé ń lò, báìtì kan péré ni lẹ́tà e tàbí o ń gbà. Ẹ, ọ àti ṣ ń gba mẹ́ta mẹ́ta. Bí a bá wá fi àmì ohùn sórí ẹ tàbí ọ, ó di báìtì márùn-ún. Nípa báyìí, ẹ̀kọ́, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta, ń gba báìtì 11, iye tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onílẹ́tà mọ́kànlá yóò gbà. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ fúyẹ́ púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àti ohùn. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìwọ̀n tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń gé ìwé tiwọn kò bá tiwa mu. Orí ìtàn tí ó wọ inú fáìlì kan wẹ́rẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lè kọjá ààlà bí a bá kọ ọ́ ní Yorùbá tí a fi àmì sí pé pérépéré. Bẹ́ẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà wà tí ń fi ìwọ̀n nìkan gé ìwé: bí fáìlì bá ti pé ìwọ̀n báyìí, a gé e, ìbáà ṣe àárín ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni ó bọ́ sí. Ìwé tí a fi àmì ohùn sí dáadáa ni irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò gé lákùúgé jù.

Irúfẹ́ mẹ́ta ni a sábà máa ń bá pàdé nínú àwọn ìwé Yorùbá tí ń kiri lórí ẹ̀rọ. Ọ̀kan ni èyí tí a ya àwòrán ojú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára ní ti pé nọ́ńbà ojú ìwé kò sọnù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà a máa kéré lójú fóònù, a kò lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè kà á sókè fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Èkejì ni èyí tí a tò gbogbo ìwé sójú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí fọ́nrán aṣọ òfì tí télọ̀ kò tíì fọwọ́ kàn. Òǹkàwé a máa fi ìka fà á sókè, a máa fà á, kò sì ní mọ̀ bóyá ó ti dé ìdajì. Nínú ìwé tí a tẹ̀, àtàǹpàkò òsì àti ti ọ̀tún ni ń sọ ibi tí a dé fún wa láìjẹ́ pé a bèèrè. Lórí ẹ̀rọ, bí ẹni tí ó ṣe ìwé kò bá sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń yìn jù lóde òní, òun sì ni a ní ẹ̀sùn sí jù. Èyí ni ìwé afèsì tí a gé wẹ́wẹ́ bí ilá: ìpínrọ̀ méjì, ìbéèrè kan, ìpínrọ̀ méjì, àwòrán kan tí ń jó. Wọ́n ní kí ó má baà sú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwa rò pé ohun tí ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kò sí ìtàn tí ó gùn ju ojú fóònù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ tọ́ lè dáhùn pé ta ni ó pa ẹkùn, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó ṣàlàyé bí òǹkọ̀wé ṣe so ìṣẹ̀lẹ̀ kan mọ́ èkejì títí ìtàn fi gòkè, yóò yanu sílẹ̀. Irú ìbéèrè kejì yìí sì ni ìdánwò lítíréṣọ̀ fi ń mọ ẹni tí ó kàwé yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbọ́ nípa ìwé.

Ohun Tí Ifá Ti Mọ̀

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ bí a ṣe ń ṣètò ọ̀rọ̀ tí ó gùn ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán níjokòó, kò yẹ kí a ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Odù Ifá jẹ́ 256: ojú odù 16, àti ọmọ odù 240 tí a rí nípa pípa ojú odù pọ̀ ní méjì méjì. Ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan pọ̀ gan-an. Babaláwo tí ènìyàn wá bá kì í ti Ogbè bẹ̀rẹ̀ kí ó máa kà á lọ títí dé Òfún. Yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹyọ mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ojú méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, bí wọ́n bá sì ṣe ṣubú ni yóò mú un lọ sí ọ̀kan ṣoṣo nínú 256. Nígbà tí odù bá ti hù tán, yóò wá máa ki ẹsẹ inú rẹ̀ títí oníbèéèrè yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.

Àwọn kan ti ń fi iye yìí ṣe fáàrí pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, nítorí pé iye ipò tí báìtì kan lè wà náà jẹ́ 256. A kò ní bá wọn dé ibẹ̀. Pé iye dọ́gba kò sọ nǹkan méjì di ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún wa wà ní ibòmíràn. Èkíní, orúkọ ni Ifá fi ń ṣí ìlẹ̀kùn, kì í ṣe ipò. Ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ àti ẹni tí ó wà ní Kétu mọ ohun tí à ń pè ní Ìwòrì Méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò tí a fi ń to àwọn odù tẹ̀ léra kò rí bákan náà níbi gbogbo. Èkejì, ẹsẹ ni ègé tí ó dá dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn wá pé ìpín mẹ́jọ ni a lè rí nínú ẹsẹ Ifá tí ó bá pé: orúkọ babaláwo tí ó dífá, ẹni tí a dífá fún, ohun tí ó torí rẹ̀ dífá, ohun tí a ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí ó ṣe ṣe nígbà tí ó rí i bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fi ìwọ̀n gé irú ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹbọ wà ní òpin fáìlì kan, tí àbájáde rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, tí a sì wá fi ìbéèrè há wọn láàrin, ẹsẹ náà ti bàjẹ́. Òǹkàwé tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò rò pé ó ti parí.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe àkójọpọ̀ ẹsẹ Ifá ní ìwé orí ẹ̀rọ, kí odù kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, kí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú fáìlì náà, kí a má sì gé ẹsẹ kankan sí méjì, bí ó ti wù kí ó gùn tó. Àtòjọ àkóónú gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpele méjì. Ẹni tí a bá to orúkọ 256 sílẹ̀ fún lójú fóònù kò ní wá ohunkóhun mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí 16, tí ó tẹ ọ̀kan, tí 16 mìíràn sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìtẹ̀ méjì ni yóò gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Kí olùṣètò sì kọ ọ́ síwájú ìwé pé ètò ibi báyìí ni òun tẹ̀ lé.

Àdírẹ́sì Yàtọ̀ Sí Ègé

Ìwé gígùn kejì tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1884 láti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Kò sí ìwé Yorùbá mìíràn tí òǹkàwé ń yára dé ibi tí ó fẹ́ nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìwé, orí, ẹsẹ, ó ti parí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń ṣe é láìronú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ìwé wọ̀nyí kọ́ ni ó fi nọ́ńbà sí i. Stephen Langton ni a mọ̀ mọ ètò orí tí à ń lò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Robert Estienne, atẹ̀wé ará Faransé, sì ni ó fi nọ́ńbà sí ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun ní 1551.

Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n gé ni ó jẹ́ oríkèé. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ́nẹ́sísì. Ìtàn ìdá ayé tí a fi ọjọ́ mẹ́fà tò wà ní orí kìíní, ṣùgbọ́n ọjọ́ keje, ọjọ́ ìsinmi tí ó pa ìtàn náà dé, bọ́ sí ẹsẹ kìíní sí ìkẹta orí kejì. Ẹni tí ó bá ka orí kìíní nìkan kò tíì gbọ́ òpin ìtàn. Lójú lámèyítọ́, àbùkù ni èyí. Síbẹ̀, ta ni yóò dábàá pé kí a tún nọ́ńbà náà tò? Kò sẹ́ni tí yóò gbà. Àdírẹ́sì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí ó tilẹ̀ lábùkù, sàn ju ètò tí ó péye tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ lọ.

Ohun tí ó yọ síta níbí yìí ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ègé àti àdírẹ́sì, ìwé orí ẹ̀rọ sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ju bí ìwé tí a tẹ̀ ti lè ṣe lọ. A lè jẹ́ kí Gẹ́nẹ́sísì 2:1–3 wà lójú kan pẹ̀lú orí kìíní, kí òǹkàwé ka ìtàn náà tán láìdúró, kí nọ́ńbà ẹsẹ sì wà níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ègé wà fún ojú tí ń kà. Àdírẹ́sì wà fún ẹnu tí ń tọ́ka sí i. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí à ń rí ni pé a fi ọ̀kan ṣe ìkejì.

Ní kíláàsì, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá jù ni ojú ìwé. "Ẹ ṣí ojú ìwé kẹtàlélógójì." Ẹni tí ó mú ìwé tí a tẹ̀ lọ́wọ́ yóò ṣí i. Ẹni tí ó ń lo fóònù yóò máa wò, nítorí pé bí ó bá sọ lẹ́tà di ńlá, ojú ìwé a pọ̀ sí i. Bí ó bá sọ ọ́ di kékeré, a dín kù. Nọ́ńbà tí fóònù ń fi hàn án kò jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún rọ́pò rẹ̀. Kindle, tí Amazon gbé jáde ní 2007, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ipò tirẹ̀ tí kò bá ìwé kankan mu, àfi ìgbà tí ó di 2011 kí wọ́n tó fi nọ́ńbà ojú ìwé gidi kún un fún àwọn ìwé kan. EPUB ẹ̀dà kẹta náà ní àyè fún àtòjọ ojú ìwé: a lè fi àmì tí ojú kò rí sí ibi gbogbo tí ojú ìwé ti yí nínú ìwé tí a tẹ̀, kí ẹni tí ó bá tẹ 43 lórí fóònù dé ibi tí 43 ti bẹ̀rẹ̀ níwájú olùkọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni fún ìwé kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe é gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀dà ìwé tí ó lò, nítorí pé àwọn ìwé àyẹ̀kà wa tí a ti tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ìwé wọn kò dọ́gba láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà.

Fún ìwé tuntun tí kò ní ẹ̀dà tí a tẹ̀, ọgbọ́n mìíràn wà tí ó tilẹ̀ dára jù. Kí a fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ nínú orí kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi nọ́ńbà sí ìlà ewì ní márùn-ún márùn-ún. Eré onítàn kò ní wàhálà rárá, ìran rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Ọ̀ràn Ìtàn Inú Ìtàn

Ìtàn àròsọ ló ṣòro jù láti gé. Ẹ jẹ́ kí a mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. Bí ẹni tí kò kà á dáadáa bá gbé e sórí ẹ̀rọ, ohun tí yóò rí ni ìrìn-àjò àti ìjà ọdẹ pẹ̀lú onírúurú ẹ̀dá, yóò sì gé ìjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí ẹni ń to àwòrán. Ṣùgbọ́n òǹsọ̀tàn méjì ni ó wà nínú ìwé náà. Ẹnì kan ń kọ ọ́. Àkàrà-Oògùn ni ó ń sọ fún un. Ọjọ́ kan kọ́ ni ìtàn náà gbà. Olùsọ̀tàn ń lọ, ó ń padà wá, àwọn ènìyàn sì ń pọ̀ sí i tí ń wá gbọ́. Dídúró àti bíbẹ̀rẹ̀ yìí ni oríkèé tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ fi sí i. Nígbà tí ìtàn náà wá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, àwọn ọdẹ tún lo ọjọ́ méje níbẹ̀, tí a ń fi ìtàn àti ẹ̀kọ́ ṣe wọ́n lálejò. Ọjọ́ wà nínú ọjọ́. Bí àtòjọ àkóónú bá kàn kọ "Ọjọ́ Kejì" láìfi ìpele hàn, ọjọ́ kejì èwo ni? Ti òǹkọ̀wé àti Àkàrà-Oògùn ni, tàbí ti àwọn ọdẹ lọ́dọ̀ Ìrágbèje?

Àtòjọ onípele ni ó lè yanjú èyí: ìjókòó ìsọ̀tàn lókè, ìṣẹ̀lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìtàn tí ẹ̀dá inú ìtàn sọ lábẹ́ èyí. Ẹni tí ó bá ṣe irú àtòjọ yìí ti ṣe lámèyítọ́ ìwé náà, bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ yóò kọ́ ìhun ìwé náà kí olùkọ́ tó ya ẹnu. Ibi tí ìjókòó bá parí sí náà ni ó yẹ kí ìbéèrè wà, níbi tí àwọn olùgbọ́ inú ìwé pàápàá ti ń dìde lọ sílé. Kò yẹ kí á da ọ̀rọ̀ mọ́ olùsọ̀tàn lẹ́nu kí á lè bi ọmọ ní ìbéèrè aláṣàyàn mẹ́rin.

Wíwá Ọ̀rọ̀ àti Gbígbọ́ Ohùn

Wọ́n máa ń sọ pé kò pọn dandan kí á ṣètò ìwé gígùn púpọ̀, nítorí pé òǹkàwé lè wá ọ̀rọ̀ tí ó bá fẹ́. Fún Yorùbá, ìrètí yìí kò fi gbogbo ara múlẹ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà tẹ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ: a lè tẹ ẹ kí á fi àmì òkè lé e, a lè tẹ é kí á fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, a sì lè tẹ e lásán kí á wá fi àmì méjèèjì sí i. Ojú kan náà ni wọ́n ní lójú ìwé. Lójú ẹ̀rọ, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n, bí a kò bá ti kọ́ ọ láti sọ wọ́n di ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ ọ̀rọ̀ tí ó rí kedere níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì ní kò sí níbẹ̀. Bí a bá wá ní kí ẹ̀rọ má ka àmì sí rárá, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ yóò tú jáde pọ̀.

Sípẹ́lì àtijọ́ tún wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jábọ̀ ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1974. Àwọn ìwé tí ó ti wà ṣáájú ń kọ aiye, enia, okọnrin, nyin. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tí ó bá tẹ ayé tàbí ènìyàn sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ń gbé ìwé àtijọ́ sórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan: kí ó yí sípẹ́lì padà kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ síwájú ìwé, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà kí ó sì kọ́ ẹ̀rọ pé aiye ni ayé. Ní ti ìwé atúmọ̀-èdè, bí a kò bá kọ́ ẹ̀rọ ní ètò ábídí wa, yóò to ẹ, ọ àti ṣ sẹ́yìn z, yóò sì da gb pọ̀ mọ́ g.

Ohùn ni ìwé afèsì fi dára ju ìwé tí a tẹ̀ lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi èyí du àwọn tí ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìjálá rí lẹ́nu ọdẹ lè gbọ́ ọ báyìí, kí ìlà tí à ń sun sì máa yí àwọ̀ bí ohùn ṣe ń lọ. Kìkì pé àwọn kan ń jẹ́ kí ó yí àwọ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ọmọdé tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò bá èdè wa mu. Nínú ìsọ̀rọ̀ Yorùbá, fáwẹ̀lì ń pa jẹ, ọ̀rọ̀ ń wọnú ara wọn. Gbé ọmọ di gbọ́mọ lẹ́nu. Ibi tí oníjàálá ti mí ni oríkèé ohùn, ìlà kan sí ìlà kejì sì ni ó yẹ kí àwọ̀ máa yí.

Ohùn sì wúwo. Bí a bá gbà á sílẹ̀ ní kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó tó fún ohùn ènìyàn, wákàtí kan yóò gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 29. Ìwé tí kíkà rẹ̀ gba wákàtí mẹ́wàá yóò gba nǹkan bí 290, kí á tó ka àwòrán kankan. Àwọn òbí tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ kò lè gbé èyí lẹ́ẹ̀kan. Ègé tí a gé sí oríkèé tún wúlò níbí: kí ohùn orí kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba èyí tí kíláàsì ń kà lọ́sẹ̀ yìí, kí ìyókù dúró.

Ohun kan kù tí ó kan àwọn olùṣèdánwò gan-an. Ìwé orí ẹ̀rọ rọrùn láti tún ṣe, àwọn olùtẹ̀wé sì ń tún un ṣe láìpariwo. Bí wọ́n bá tún ìwé gé, tí àdírẹ́sì ègé yí padà, àmì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sínú ìwé rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ tí ó ṣe sí ẹ̀gbẹ́ lè sọnù tàbí kí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìtọ́sọ́nà olùkọ́ tí a ti tẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá yóò máa tọ́ka sí ibi tí kò sí mọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń yan ìwé àyẹ̀kà bá tún jókòó, kí wọ́n bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé ìwé orí ẹ̀rọ wá: ta ni ó pinnu ibi tí a ti gé e, ẹ̀dà wo ni nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ tẹ̀ lé, àti bóyá ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Orí Keje, ìpínrọ̀ kejìlá, yóò ṣì jẹ́ Orí Keje, ìpínrọ̀ kejìlá, ní ọjọ́ tí ọmọ yóò bá wọlé ìdánwò.